Ilé Là Ń Wò Kí A Tó Sọmọ Lórúkọ: Ìlámèyítọ́ Èdè Ìgbèjà Ilé Ijó Alẹ́ ní Lọ́ńdọ̀nù

Ìfáárà

Èdè ni ó jẹ wá lógún nínú iṣẹ́ yìí. A kò pète láti ka iye ilé ijó alẹ́ tí ó kù ní Lọ́ńdọ̀nù, bẹ́ẹ̀ ni a kò ní kọ ìtàn orin ìlú náà láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Ohun tí a fẹ́ yẹ̀ wò ni irú ọ̀rọ̀ tí àwọn ènìyàn máa ń sọ nígbà tí wọ́n bá ń gbèjà ilé ijó tí àwọn aláṣẹ tàbí onílé fẹ́ tì pa, irú ọ̀rọ̀ tí àwọn aláṣẹ fi ń dá wọn lóhùn, àti orúkọ tí wọ́n máa ń kọ sára ilé tuntun nígbà tí ilé ijó náà bá ti wó tán. A gbà pé ìwé ẹ̀bẹ̀, fọ́ọ̀mù ọlọ́pàá, òfin ìkọ́lé àti orúkọ ilé, gbogbo wọn ni a lè fi ojú lámèyítọ́ wò bí a ti ń wo ewì àti ìtàn àròsọ. Ẹni tí ó kọ wọ́n ní ohun tí ó fẹ́ kí a gbà gbọ́, ó sì ní ohun tí ó fẹ́ kí a gbàgbé.

Ó ṣeé ṣe kí ẹnìkan béèrè pé kí ni ó kan ẹ̀ka-ẹ̀kọ́ Yorùbá nínú ọ̀rọ̀ ilé ijó àwọn ará Ìlú Ọba. Ìdáhùn rẹ̀ kò jìnnà. Ọmọ Èkó ni Ambrose Campbell tí a bí ní 1919. Òun àti ẹgbẹ́ rẹ̀, West African Rhythm Brothers, wà lára àwọn tí ó lu ìlù ní ìgboro Lọ́ńdọ̀nù nígbà tí ogun parí ní Yúróòpù ní oṣù karùn-ún ọdún 1945, wọ́n sì fi èdè Yorùbá kọrin níbẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún. Ní àwọn ọdún 1950, ilé ijó Abalabi tí ó wà ní Berwick Street, ní àdúgbò Soho, jẹ́ ibi tí ọmọ Áfíríkà ti lè gbọ́ orin ìlú rẹ̀ láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni wò ó tìfura-tìfura. Ìlú yìí kan náà ni Fẹlá lọ ní 1958 láti kọ́ ìmọ̀ orin ní Trinity College of Music, níbẹ̀ ni ó sì ti kọ́kọ́ kó ẹgbẹ́ Koola Lobitos jọ. Ọ̀rọ̀ ilé ijó Lọ́ńdọ̀nù kì í ṣe ọ̀rọ̀ àjèjì sí wa. Ìdí kejì ni ó tilẹ̀ ṣe pàtàkì jù: àwọn Yorùbá ní èrò tí ó jinlẹ̀ nípa ilẹ̀, nípa àlejò àti nípa orúkọ, a ó sì rí i pé èrò wọ̀nyí lè la ibi kan fún wa tí ó ṣókùnkùn nínú àríyànjiyàn àwọn Òyìnbó.

Kò sí ẹyọ ọ̀rọ̀ kan tí àwọn Yorùbá ń lò fún ohun tí Ruth Glass, onímọ̀ ìbára-ẹni-gbé-pọ̀ ẹ̀dá, fún lórúkọ ní 1964 nígbà tí ó ń ṣàlàyé bí àwọn olówó ṣe ń ra ilé àwọn òṣìṣẹ́ ní àwọn àdúgbò kan ní Lọ́ńdọ̀nù títí gbogbo àdúgbò náà fi bọ́ mọ́ wọn lọ́wọ́. Ara ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì tí ó túmọ̀ sí ọ̀tọ̀kùlú ni ó ti yọ ọ́, ẹ̀fẹ̀ díẹ̀ sì wà nínú rẹ̀. A ó máa pè é ní ìfowógbàdúgbò nínú iṣẹ́ yìí. Ọ̀rọ̀ náà wúwo lẹ́nu díẹ̀, ṣùgbọ́n ó sọ ohun tí ó ń ṣẹlẹ̀: kò sí ogun, kò sí sójà, owó ni wọ́n fi gba àdúgbò. Èyí yàtọ̀ sí ohun tí ojú wa ti rí nílé. Nígbà tí wọ́n jó ilé Fẹlá ní Kalakuta ní ọjọ́ kejìdínlógún oṣù kejì ọdún 1977, àwọn sójà ni wọ́n wá. Nígbà tí ìjọba ológun wó Máròkò ní oṣù keje ọdún 1990, katakata ni wọ́n gbé wá. Ẹni tí wọ́n fi katakata lé mọ ẹni tí ó lé òun. Ẹni tí wọ́n fi owó lé kì í tètè mọ̀.

Bí ilé ijó ṣe di ilé

Kí a tó gbọ́ ẹjọ́, ó yẹ kí a mọ ohun tí wọ́n ń du. Nígbà tí àwọn ọmọ Áfíríkà àti ti erékùṣù Karibíánì dé Lọ́ńdọ̀nù lẹ́yìn ogun, ọ̀pọ̀ ilé ọtí àti ilé ijó ni kò gbà wọ́n wọlé. Ọ̀pọ̀ onílé pẹ̀lú kò fẹ́ fún wọn ní yàrá. Ewì Wọlé Ṣóyínká tí ó ń jẹ́ Telephone Conversation dá lórí ọ̀rọ̀ yìí gan-an: ẹni tí ó ń wá yàrá tí yóò háyà, àti onílé tí ó fẹ́ mọ bí ó ti dúdú tó. Colin MacInnes náà kọ ìtàn àròsọ kan ní 1957, City of Spades, nínú èyí tí ọ̀kan nínú àwọn ẹ̀dá-ìtàn méjì tí ó ń sọ ìtàn náà jẹ́ ọmọ Èkó, Johnny Fortune. Bí a bá wo ibi tí ìtàn náà ti ń ṣẹlẹ̀, a ó rí i pé láti ilé ọtí dé ilé ijó, láti ilé ijó dé yàrá tí kò dáni lójú ni àwọn ẹ̀dá-ìtàn náà ń lọ. MacInnes fẹ́ràn àwọn ènìyàn tí ó ń kọ nípa wọn, ìfẹ́ náà sì pọ̀ jù nígbà mìíràn débi pé ó fi wọ́n ṣe ohun ìwòran. Síbẹ̀, ó rí ohun kan tí àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba kò rí: fún ẹni tí kò ní pálọ̀ tirẹ̀, ilé ijó ni pálọ̀.

Ọdún 1965 ni òfin kọ́kọ́ sọ ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì pé ẹ̀ṣẹ̀ ni láti tìtorí àwọ̀ lé ènìyàn kúrò ní ibi tí gbogbo ayé ń wọ̀. Ti ilé háyà kò dé títí di 1968. Láàrin ọdún méjèèjì yìí, ní 1966, ni Newton Dunbar, ọmọ Jàmáíkà, àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ dá ilé ijó Four Aces sílẹ̀ ní Dalston Lane, ní Hackney, ìlà-oòrùn Lọ́ńdọ̀nù. Ilé tí wọ́n lò ti dàgbà. Ilé eré sẹ́kọ́ọ̀sì ni nígbà tí wọ́n ṣí i ní 1886. Ó di tíátà, ó di ilé sinimá. Inú rẹ̀ ni Desmond Dekker àti Percy Sledge ti kọrin, ibẹ̀ sì ni àwọn ọ̀dọ́ ti ń gbọ́ orin rẹ́gè láti inú ẹ̀rọ agbóhùnsókè ńláńlá. Àwọn ọlọ́pàá kò jẹ́ kí ó sinmi. Wọ́n ń ya wọ ibẹ̀ léraléra. Ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1990, àwọn ọ̀dọ́ mìíràn, púpọ̀ nínú wọn jẹ́ funfun, bẹ̀rẹ̀ sí í kún ibẹ̀ fún irú orin tuntun tí wọ́n fi ń jó di òwúrọ̀, ilé náà sì gba orúkọ kejì, Labrynth. Ní ìparí àwọn ọdún náà, Káńsù Hackney gba ilé náà padà. Ó wà ní òfìfo fún ọ̀pọ̀ ọdún, àwọn ará àdúgbò gbé ẹjọ́ rẹ̀ lọ sí kóòtù, wọn kò sì borí. Wọ́n wó o ní 2007. Winstan Whitter ṣe fíìmù kan nípa rẹ̀ ní 2008, Legacy in the Dust. Àkọlé fíìmù náà, tí ó pe ogún ní ohun tí ó wà nínú eruku, kò fi bò pé òkú ni òun ń sin. A ó padà sí Four Aces.

Èdè owó

Ní oṣù kẹwàá ọdún 2015, ìgbìmọ̀ kan tí olórí ìlú Lọ́ńdọ̀nù gbé kalẹ̀ sọ pé ilé orin kéékèèké tí ó wà ní ìlú náà jẹ́ 136 ní 2007, ṣùgbọ́n 88 ni ó kù ní 2015. Ó ju ìdámẹ́ta lọ tí ó ti lọ láàrin ọdún mẹ́jọ. Lẹ́yìn èyí, àwọn onímọ̀ ní University College London ka ilé ìgbafẹ́ alẹ́ àwọn tí ìbálòpọ̀ tàbí ìwà-bí-akọ-bí-abo wọn yàtọ̀ sí ti ọ̀pọ̀ ènìyàn. Wọ́n rí 125 ní 2006, 53 péré ni ó kù ní 2017. Iye wọ̀nyí ṣe iṣẹ́ tí ó dára. Kí wọ́n tó dé, ẹni tí ó bá ń sunkún ilé ijó rẹ̀ ni wọ́n ń pè ní ẹni tí kò fẹ́ dàgbà.

Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí a wo ohun tí ó tẹ̀lé e. Nígbà tí àwọn olùgbèjà rí i pé iye ń wọ àwọn aláṣẹ létí, wọ́n fi gbogbo ẹjọ́ wọn sí iye. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀ ọrọ̀ ajé òru: ilé ijó ń gba ènìyàn sí iṣẹ́, ilé ijó ń mú owó wọ ìlú, ilé ijó ń fa àlejò láti òkè òkun. Wọn kò parọ́. Ohun tí ó burú níbẹ̀ ni pé wọ́n gbé ìlù sórí òṣùwọ̀n ẹlòmíràn. Ẹni tí ó bá gbà pé pọ́n-ùn ni a ó fi wọn ilé ijó ti gbà tẹ́lẹ̀ pé bí ohun mìíràn bá wà tí ó wúwo jù ú lọ lórí òṣùwọ̀n náà, kí ilé ijó náà dìde fún un. Ilé gogoro tí ó ní yàrá àádọ́jọ tí wọn yóò tà fún àwọn olówó wúwo ju ìlù lọ. Yóò máa wúwo jù ú lọ títí ayé. Ní ojú tiwa, ibi tí ẹjọ́ náà ti bàjẹ́ nìyí, àwọn tí ó fẹ́ràn ilé ijó jù lọ ni wọ́n sì fi ọwọ́ ara wọn bà á jẹ́.

Ọ̀rọ̀ Richard Florida wà lára ohun tí ó fa èyí. Nínú ìwé rẹ̀ tí ó jáde ní 2002, ó sọ fún àwọn olórí ìlú pé bí wọ́n bá fẹ́ kí ìlú wọn lówó, kí wọ́n fa àwọn oníṣẹ́ ọpọlọ àti oníṣẹ́ ọnà mọ́ra. Ọ̀pọ̀ káńsù gbà á bí ìhìnrere. Nígbà tí ó fi di 2017, Florida fúnra rẹ̀ kọ ìwé mìíràn tí ó fi sọ̀rọ̀ ìnira tí irú ìlú bẹ́ẹ̀ ń kó bá àwọn tálákà, ṣùgbọ́n ìhìnrere àkọ́kọ́ ti tàn ká. Sharon Zukin ti sọ èyí ní ogún ọdún ṣáájú Florida, nínú ìwé tí ó kọ ní 1982 lórí àwọn ayàwòrán tí ń gbé inú ilé iṣẹ́ àtijọ́ ní New York: oníṣẹ́ ọnà a wá nítorí ilé kò wọ́n, wíwà rẹ̀ a mú kí ojú àdúgbò náà là, ilé a sì wọ́n ju agbára rẹ̀ lọ. Àwọn káńsù kò ka Zukin tó bí wọ́n ti ka Florida, kò sì yani lẹ́nu.

Ẹjọ́ Fabric ni a lè fi ṣe àpẹẹrẹ bí èdè ṣe ń ṣiṣẹ́ nígbà tí ó bá gbóná. Ilé ijó yìí, tí wọ́n ṣí ní Farringdon ní 1999, pàdánù ìwé àṣẹ rẹ̀ lọ́wọ́ Káńsù Islington ní oṣù kẹsàn-án ọdún 2016, lẹ́yìn tí ọ̀dọ́ méjì tí ọjọ́ orí wọn jẹ́ ọdún méjìdínlógún kú nípasẹ̀ oògùn olóró. Ọ̀rọ̀ ikú kì í ṣe ọ̀rọ̀ tí a ń fi ọwọ́ yẹpẹrẹ mú, lámèyítọ́ tí ó bá sì kọjá lára òkú méjì wọ̀nyí kí ó lè tètè dé ibi ọ̀rọ̀ àṣà kò ṣe dáadáa. Ènìyàn tí ó lé ní 150,000 fọwọ́ sí ìwé ẹ̀bẹ̀ pé kí wọ́n má tì í. Ní oṣù kọkànlá, àwọn méjèèjì fi ohùn ṣọ̀kan, wọ́n sì ṣí i padà ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 2017 pẹ̀lú òfin líle: kí a túbọ̀ máa yẹ ara ènìyàn wò lẹ́nu ọ̀nà, kí ẹni tí kò tíì pé ọdún mọ́kàndínlógún má ṣe wọlé ní àwọn òru òpin ọ̀sẹ̀. Ilé ijó yìí dà bí ọmọ tí wọ́n sọ ní Málọmọ́. Wọ́n bẹ̀ ẹ́ kí ó dúró, ó dúró, ṣùgbọ́n àpá wà lára rẹ̀. Ohun tí ó wù wá kí a ṣàkíyèsí ni pé nígbà tí ogun dé ojú rẹ̀, àwọn tí ó fọwọ́ sí ìwé náà kò sọ̀rọ̀ owó mọ́. Wọ́n sọ ibi tí wọ́n ti pàdé aya wọn àti ọkọ wọn. Wọ́n sọ òru tí wọ́n kọ́kọ́ mọ̀ pé àwọn kò dá wà láyé. Ìyẹn ni ẹjọ́ tòótọ́. Ó dùn wá pé ó di ìgbà tí ilẹ̀kùn tì kí wọ́n tó rò ó.

Kí ẹnikẹ́ni má rò pé bí èdè bá ti yí padà, gbogbo rẹ̀ ti dára. Ní Jámánì, ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin gbà ní oṣù karùn-ún ọdún 2021 pé kí a máa ka àwọn ilé ijó bíi ti Berlin mọ́ ilé àṣà gẹ́gẹ́ bí a ti ń ka tíátà, kì í ṣe mọ́ ilé tẹ́tẹ́. Ní oṣù kẹta ọdún 2024 wọ́n tún fi orin tẹ́kínò ti Berlin sínú ìwé àkójọ àwọn ohun ìní àṣà orílẹ̀-èdè náà. Ní òpin ọdún 2024 kan náà, ilé ijó Watergate tí ó ti wà létí odò Spree láti 2002 ti ilẹ̀kùn rẹ̀ pa, owó háyà sì wà lára ohun tí àwọn tí ó ni ín dárúkọ. A lè kọ oríkì fún ènìyàn kí a má sì fún un ní oúnjẹ.

Fọ́ọ̀mù 696

Fọ́ọ̀mù kì í ṣe lítíréṣọ̀, ṣùgbọ́n ó ní olùsọ̀rọ̀, ó ní ẹni tí ó ń bá sọ̀rọ̀, ó sì ní ohun tí ó ti gbà bí òtítọ́ kí ó tó la ẹnu. Láti 2005 ni àwọn ọlọ́pàá Lọ́ńdọ̀nù ti ń béèrè pé kí ẹni tí ó bá fẹ́ ṣe àríyá alẹ́ kan kọ ọ̀rọ̀ rẹ̀ sínú ìwé tí wọ́n ń pè ní Form 696, ní ọjọ́ mẹ́rìnlá kí àríyá náà tó wáyé. Kí ni wọ́n béèrè? Wọ́n béèrè orúkọ àti àdírẹ́sì àwọn tí yóò ṣeré. Wọ́n béèrè irú orin tí yóò dún, wọ́n sì fún un ní àpẹẹrẹ: báṣímẹ́ǹtì, garage, R&B. Ní ìbẹ̀rẹ̀, wọ́n tilẹ̀ béèrè ẹ̀yà àwọn tí a retí pé yóò wá.

Àwọn olùlòdì sí fọ́ọ̀mù náà kọlu ìbéèrè nípa ẹ̀yà, wọ́n sì borí lórí ìyẹn láàrin ọdún díẹ̀. Wọ́n yọ ọ́ kúrò. Ní ojú ìwòye tiwa, kò tíì kúrò níbẹ̀. Ẹ wo irú àríyá tí fọ́ọ̀mù náà kàn: èyí tí díjéè tàbí akéwì-sórin bá ti ń ṣeré lórí ohùn tí a ti gbà sílẹ̀ tẹ́lẹ̀. Kò mẹ́nu kan àwọ̀, ṣùgbọ́n ó ti yà wọ́n sọ́tọ̀ tán. Àwọn ọmọkùnrin mẹ́rin tí ó gbé gìtá lọ́wọ́ kò sí nínú rẹ̀. Ẹni tí ó bá gba ohùn ẹ̀rọ mú kí ó tó kéwì lé e lórí, bí àwọn ọmọ Jàmáíkà ti kọ́ wọn, tí àwọn ọmọ wa tí a bí ní Peckham àti Tottenham sì gbà á ṣe tiwọn, òun ni fọ́ọ̀mù náà ń wá. Ìtumọ̀ irú orin ni ó di ìtumọ̀ irú ènìyàn. Àwọn tí ń ṣiṣẹ́ lórí ewì alohùn mọ̀ pé ọ̀nà ìṣeré kì í ṣe ohun òfìfo, pé bí a bá ti sọ pé rárà, ìjálá tàbí ẹkún ìyàwó, a ti sọ ẹni tí ó ń ké e. Àwọn ọlọ́pàá Lọ́ńdọ̀nù náà mọ̀ ọ́n, wọ́n sì lò ó lọ́nà tiwọn. Ọdún 2017, ní oṣù kọkànlá, ni wọ́n tó pa fọ́ọ̀mù náà rẹ́.

Nínú èdè ìgbèjà ilé ijó, ọ̀rọ̀ Form 696 máa ń wà ní ẹ̀gbẹ́ kan bí ẹni pé ìjà mìíràn ni. A kò gbà bẹ́ẹ̀. Ilé ijó tí ẹ̀rù bá ti ń ba olówó rẹ̀ láti gba àwọn ọ̀dọ́ dúdú ní alẹ́ ọjọ́ Ẹtì yóò wá oníbàárà mìíràn, oníbàárà mìíràn náà ni àwọn akọ́lé-tà sì ń dúró dè. Ìwé ọlọ́pàá ṣí ọ̀nà fún owó.

Ta ni àlejò?

Ohun ìjà tí àwọn olùgbèjà ń yangàn sí jù lọ ni ìlànà tí a lè pè ní ìlànà aṣèyípadà. Ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé ẹni tí ó bá mú àyípadà wá sí àdúgbò ni kí ó ru ẹrù àyípadà náà. Bí ilé ijó bá ti wà níbì kan, tí ẹnìkan wá kọ́ ilé gbígbé sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, ẹni tí ó kọ́lé ni kí ó wá ọ̀nà tí ariwo kò fi ní yọ àwọn ará ilé lẹ́nu. Bí ilé ijó ni ó dé kẹ́yìn, òun ni. Wọ́n gbà á sí òfin ní Victoria ní Australia ní 2014, ní San Francisco ní 2015, sínú ìlànà ìkọ́lé gbogbo ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní oṣù keje ọdún 2018, àti sínú ètò ìlú Lọ́ńdọ̀nù ní 2021. Kí ó tó di òfin, ilé ijó Ministry of Sound, tí ó ti wà ní Elephant and Castle láti 1991, ti jà irú ìjà yìí fún ọdún mélòó kan pẹ̀lú àwọn tí ó fẹ́ kọ́ ilé gogoro sí iwájú rẹ̀. Ìwé àdéhùn ni ó parí rẹ̀ ní ìbẹ̀rẹ̀ 2014: àwọn tí yóò gbé inú ilé tuntun náà gbà tẹ́lẹ̀ pé ilé ijó náà ní ẹ̀tọ́ láti dún tó bí ó ti ń dún.

Ọmọ Yorùbá tí ó bá gbọ́ ìlànà yìí yóò rẹ́rìn-ín, nítorí kò tuntun sí i. Àtìpó tí ó bá dé orí ilẹ̀ ẹlòmíràn mọ̀ pé òun ni yóò san ìṣákọ́lẹ̀. Kì í dé kí ó ní kí onílẹ̀ pa ìlù rẹ̀ mọ́. A sì ní òwe kan fún ẹni tí ó bá gbàgbé: onílé ń jẹ èso gbìngbindò, àlejò ní kí wọ́n ṣe òun lọ́wọ́ kan ẹ̀wà. Ẹni tí ó ra yàrá lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé ijó nítorí àdúgbò náà lárinrin, tí ó sì kọ ìwé sí káńsù ní oṣù kejì pé ariwo pọ̀, òun ni àlejò ẹlẹ́wà.

Ṣùgbọ́n àlàfo ńlá méjì wà nínú ìlànà náà. Èkíní ni pé ariwo nìkan ni ó mọ̀. Ilé ijó Passing Clouds, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní Dalston ní 2006, tí orin Afrobeat sì máa ń dún nínú rẹ̀, kò kú nípa ariwo. Wọ́n ta ilé tí ó wà ní 2015. Ní 2016 àwọn ayálégbé náà bá ara wọn níta. Ìlànà aṣèyípadà kò lè ṣe ohunkóhun fún irú ẹjọ́ bẹ́ẹ̀, nítorí onílé kò ráhùn pé ilé ijó ń pariwo. Ilé rẹ̀ ni ó fẹ́ fi ṣe ohun mìíràn. Ní ti ìṣákọ́lẹ̀, ẹni tí ó bá ń san án tí kò sì ṣẹ̀ kì í sábà pàdánù oko. Òfin ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì yá ìlànà ìgbà tí àlejò dé lò, ó fi ìlànà ìdúróṣinṣin àtìpó sílẹ̀.

Èkejì le jù. Ìlànà náà béèrè pé ta ni ó kọ́kọ́ dé, kò sì jẹ́ kí a ka ìtàn kọjá ẹni méjì. Ilé ijó àti ilé gogoro ni ó ń wò. Ta ni ó wà ní Dalston kí Passing Clouds tó dé? Àwọn ọmọ Karibíánì ni, àwọn ọmọ Túúkì, àwọn ará Nàìjíríà tí ń tà àti àwọn tí ń rà ní ọjà Ridley Road. Àwọn oníṣẹ́ ọnà tí ó dé lẹ́yìn wọn dé nítorí ilé kò wọ́n, kò sì sí ìkà nínú ohun tí wọ́n ṣe. Ṣùgbọ́n àwọn ni òjò àkọ́rọ̀ tí ìkún omi tẹ̀lé. Nígbà tí wọ́n wá dìde láti gbèjà àdúgbò oníṣẹ́ ọnà, ọ̀rọ̀ náà gan-an, oníṣẹ́ ọnà, ti yọ ìyá tí ń ta gbọ̀rọ̀ àti díjéè tí ń gbé ẹ̀rọ lọ sí ilé ìgbéyàwó kúrò nínú ìtàn. Ta ni ó fún wọn láṣẹ láti pín ọnà fún ara wọn? A ti wá ìdáhùn sí ìbéèrè yìí nínú ìwé ẹ̀bẹ̀ tí ó pọ̀, a kò rí i.

Orúkọ ilé gogoro

Lórí ilẹ̀ tí Four Aces ti wà àti yíká rẹ̀ ni wọ́n kọ́ Dalston Square sí, pẹ̀lú ibùdó ọkọ̀ ojú irin tí wọ́n ṣí ní 2010. Ilé gogoro ni wọ́n kọ́ síbẹ̀, fún títà. Ẹni tí ó bá mọ ìtàn ilé ijó náà yóò dúró díẹ̀ bí ó bá ka orúkọ wọn: Sledge Tower ń bẹ níbẹ̀, Dunbar Tower ń bẹ níbẹ̀, Labyrinth Tower náà ń bẹ níbẹ̀.

Ilé là ń wò kí a tó sọmọ lórúkọ. Òwe yìí kò sọ pé kí a wò bí ilé ti lẹ́wà tó. Ó ní kí a wo ohun tí ó ti ṣẹlẹ̀ sí àwọn ará ilé, nítorí orúkọ jẹ́ ìtàn tí àwọn tí ó ni ìtàn náà fi ẹnu ara wọn sọ. Bí a bá sọ ọmọ ní Babátúndé, ìdílé tí bàbá náà kú mọ́ lọ́wọ́ ni ó sọ ọ́, inú ilé rẹ̀ ni ọmọ náà sì ti ń jẹ́ ẹ. A kì í sọ Babátúndé nígbà tí bàbá bá wà láyé. Newton Dunbar wà láyé nígbà tí wọ́n gbé orúkọ ìdílé rẹ̀ kọ́ sára ilé tí ó dúró sí ibi tí wọ́n ti mú un kúrò. Àwọn tí ó sọ orúkọ yìí lè wí pé ọlá ni àwọn fi bù fún un, a kò sì sọ pé irọ́ ni wọ́n ń pa. Ìbéèrè wa ni pé ta ni orúkọ náà ń bá sọ̀rọ̀. Oríkì a máa bá ẹni tí ó ni ín sọ̀rọ̀, a sì mú orí rẹ̀ wú. Orúkọ tí ó wà lára ilé gogoro ń bá ẹni tí ó fẹ́ ra yàrá sọ̀rọ̀. Ó ń sọ fún un pé àdúgbò yìí ní ìtàn, pé ìtàn náà ti parí, pé kò ní pariwo.

Kì í ṣe gbogbo orúkọ tí ó wà níbẹ̀ ni ó rí bẹ́ẹ̀, ó sì yẹ kí a fi ìyàtọ̀ hàn. Láti 1985 ni ilé ìkàwé àdúgbò náà ti ń jẹ́ orúkọ C.L.R. James, òǹkọ̀wé ọmọ Trinidad, nígbà ayé rẹ̀. Nígbà tí wọ́n fẹ́ kó ilé ìkàwé náà lọ sí Dalston Square, káńsù pète ní 2010 láti yọ orúkọ náà kúrò. Àwọn ènìyàn kọ̀. Wọ́n kọ ìwé, wọ́n fi ẹjọ́ sun ayé, káńsù sì dá orúkọ náà padà. Òun ni ilé ìkàwé náà ń jẹ́ nígbà tí wọ́n ṣí i ní 2012. Orúkọ méjì wà lórí ilẹ̀ kan náà, ọ̀kan tí àwọn ará àdúgbò fi ìjà gbà, àti òmíràn tí ẹni tí ó ń ta ilé fún wọn lọ́fẹ̀ẹ́. Ọ̀nà ìtumọ̀ kan náà kò lè bá àwọn méjèèjì mu.

Ohun kékeré kan kù tí ó yẹ kí a mẹ́nu kàn, nítorí pé ojú lámèyítọ́ nìkan ni ó lè rí i. Àwọn tí ó dá àríyá Labrynth sílẹ̀ kò kọ orúkọ náà bí ìwé atúmọ̀-èdè ti kọ ọ́. Bí ó ti wù wọ́n ni wọ́n kọ ọ́, létà kan kù, òmíràn yí ipò padà, bẹ́ẹ̀ ni ó sì wà lórí gbogbo ìwé ìkéde tí àwọn ọ̀dọ́ ń gbà lọ́wọ́ wọn. Lára ilé gogoro náà, wọ́n kọ ọ́ ní Labyrinth. Ẹnìkan ní ọ́fíìsì kan ti bá wọn ṣe àtúnṣe sípẹ́lì rẹ̀.